Ẹ̀rọ ìránṣọ kan náà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba mẹ́rin: ṣé wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ni?

Àbẹ̀kẹ́_Aránṣọ

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà wa ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí wà nínú yín. Ẹ jọ̀ọ́ mi ò bá ti òṣèlú wá o, kẹ́nikẹ́ni má gbé pátì rẹ̀ wọ ibí.

Èmi ni mò ń bá CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, kọ̀wé. Akọ̀wé gan-an ti rìnrìn àjò, ni wọ́n bá ní kí n máa di àyè ẹ̀ mú. Èmi rò pé ìwé ìpàdé ni màá máa kọ, àṣé orúkọ ni. Káńsù á ránṣẹ́ pé ká mú orúkọ wá fún ìrónilágbára, a ó kọ ọ́. Ká tó wẹ̀yìn, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan á ní ká mú orúkọ wá fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, a tún kọ ọ́. Àwọn èèyàn honorable tó wà l'Ábújá á pe alága lálẹ́ pé ẹ̀rọ ti dé, orúkọ gbọ́dọ̀ wọlé kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ti ìjọba àpapọ̀ náà á tún dé, àwọn yẹn ní fọ́ọ̀mù tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NIN, BVN, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù, orúkọ oníduró, gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé wọn ò gbọ́ orúkọ wa rí láyé.

Kí wá ni wọ́n máa ń pín? Ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, dírayà àwọn onídìrí, jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹrù kan náà. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ti gba ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, kò sì mọ̀ ọ́n rán, ó ti ta méjì. Mi ò bínú sí i o, èèyàn dáadáa ni. Ohun tó fà á tí orúkọ ẹ̀ kì í fi í tán nínú ìwé ni pé NIN ẹ̀ wà, fọ́tò ẹ̀ wà, BVN ẹ̀ ò ní wàhálà, tí wọ́n bá ti ní kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ta lẹ máa kọ́kọ́ rántí? Ẹni tí ìwé ẹ̀ ti pé ni. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bára mu lórí NIN àti ní báńkì, ẹ ò ní rí àyè àtúnṣe, ẹ ó fò ó. Opó kan tó ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ránṣọ iléèwé fáwọn ọmọ ni a ń fò bẹ́ẹ̀ yẹn látìgbà yìí.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kò sí ibi kankan tí wọ́n ti ń wo ohun tí ilé iṣẹ́ kejì ń ṣe ni? Ṣé òfin ló ní kí gbogbo wọn máa ṣe nǹkan kan náà? Àti pé àwa tá a wà nísàlẹ̀, ṣé nǹkan kan wà tí CDA lè ṣe sí i, àbí ká kàn máa kọ orúkọ lọ?

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o káre. Mo lo ìgbà ayé mi nínú iṣẹ́ ìjọba, nǹkan tó o béèrè yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ayé Babangida. 1986 ni wọ́n dá NDE sílẹ̀ kó máa kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́, òfin rẹ̀ jáde ní 1989. Ó wà títí dòní o. 1987, Better Life fún àwọn obìnrin ìgbèríko. 1989, People's Bank, kó máa yá mẹ̀kúnnù lówó. Abacha dé, 1997, FEAP, òun náà ń yá èèyàn lówó láti dá okòwò kéékèèké sílẹ̀. Ọbásanjọ́ dé, 2000, PAP láti gbógun ti ìṣẹ́, nígbà tó di 2001 ó di NAPEP. 2003, SMEDAN fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Jonathan dé, 2011 YouWiN fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá okòwò sílẹ̀, 2012 SURE-P tí wọ́n fi owó ìrànwọ́ epo tí wọ́n dín kù ṣe. Buhari dé, 2016, N-Power tó ń gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀. Wàá rí i pé kò sí èyí tó wá bi èyí tó bá nílẹ̀ pé ìwọ, níbo lo bá iṣẹ́ dé? Gbogbo ìgbà tí ìjọba tuntun bá wọlé, ètò tuntun ni, torí ètò àtijọ́ ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíì, kò sí òṣèlú tó máa fi owó rẹ̀ bọ́ ọmọ tí wọn ò fi sọ orúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tó fi ṣòro láti pa ti àtijọ́ rẹ́? Torí òfin ló dá ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ààrẹ ò lè jí lówùúrọ̀ kó ní àjọ báyìí ti kásẹ̀ ńlẹ̀, àfi kí ilé aṣòfin yí òfin ẹ̀ padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń retí. Àjọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá àgbà, ó ní bọ́ọ̀dù, àwọn ìjókòó bọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n fi ń san oore fún àwọn tó bá wọn ṣe kámpéènì. Kí lo fẹ́ kí wọ́n fi san án tí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀?

Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ o. Lọ́dún 2011 Jonathan yan ìgbìmọ̀ kan, Stephen Oronsaye tó ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí ló ṣe alága. Oṣù kẹrin 2012 wọ́n gbé àbọ̀ wọn wá, ìwé tó tó 800 ojú ewé. Wọ́n ka àjọ àti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ 541. Èyí tí òfin dá sílẹ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ 263, wọ́n ní kí wọ́n dín in kù sí 161: kí wọ́n pa 38 rẹ́, kí wọ́n da 52 pọ̀ mọ́ra, kí 14 padà di ẹ̀ka lábẹ́ mínísírì. Ìjọba gbé èsì tiwọn jáde ní 2014, púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn yẹn ni wọn ò gbà. Buhari ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ọjọ́ 26 oṣù kejì 2024 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti Tinubu ní ó tó, ẹ ṣe é, wọ́n fún àwọn tó máa bójú tó o ní ọ̀sẹ̀ 12. Wọ́n ní kí FRCN àti VON, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ méjì, di ọ̀kan, kí NEMA tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì àti àjọ tó ń rí sí àwọn tí ogun lé kúrò nílé di ọ̀kan, ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025, kálukú ṣì ní ojú ewé tirẹ̀.

Ìyẹn ti àpapọ̀ nìkan o. Mi ò tíì dé ti ìpínlẹ̀.

Jagun_ÌtaẸlẹ́wà

Bàbá ẹ ṣeun fún ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ná. Ìkòròdú yìí, nínú ìwé òfin Nàìjíríà ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni. Láti 2003 a ti di mẹ́fà: Ìkòròdú fúnra ẹ̀, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó/Báyẹ̀kú, Ìmọ̀ta àti Ìjẹ̀dẹ̀. Alága mẹ́fà, igbákejì mẹ́fà, jíìpù ẹ ka ìyẹn fúnra yín. Gbogbo Èkó 20 di 57. Ẹ lọ sí oríta kan báyìí, LASTMA wà níbẹ̀, VIO wà níbẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, FRSC ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo wọn lojú wọn wà lára táyà dánfó kan ṣoṣo, gósìló ò sì kúrò lójú kan. Tẹ́ ẹ bá ń wá àdàpọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Jagun, ti oríta yẹn mo gbà fún ọ. Ti LCDA, ìyẹn àwọn káńsù tuntun tí Èkó dá sílẹ̀ yẹn, mi ò gbà. Káńsù Ìmọ̀ta kì í kó pàǹtí Ìjẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n pín, iṣẹ́ kálukú wà ní ààyè rẹ̀. O lè sọ pé owó tí wọ́n ń ná lórí ìjókòó wọn ti pọ̀ jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ ní 2004 pé ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn sílẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ á fi kọ orúkọ wọn sínú òfin. Ohun tí Àbẹ̀kẹ́ ń sọ ni kí ilé iṣẹ́ mẹ́rin máa wá ẹnì kan ṣoṣo kiri.

Ọmọ_Ẹbúté

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fún lẹ́rù tó jọra, ẹ dúpẹ́. Àwa tí wọ́n ń gbowó tó jọra lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́?

Ojú omi ni mo ti ń jẹun, Ìpakodo sí Èkó. Ẹ ò gbọ́ ẹjọ́ NIWA àti LASWA ni? NIWA ni àjọ ojú omi ti ìjọba àpapọ̀, òfin 1997. LASWA ti Èkó, 2008. Ọ̀sà kan náà, àwọn méjèèjì ló ní àwọn ni kí ọlọ́kọ̀ ojú omi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn, àwọn méjèèjì ló ní àwọn tó ń wa yanrìn gbọ́dọ̀ sanwó fáwọn. Ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti ti àwọn tó ń wa yanrìn bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé ẹ bá wa sọ ọ́, ta la ó san án fún. 2014, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní NIWA ni. 2017, kòtẹ́milọ́rùn ní rárá, Èkó ló ni omi tó wà láàárín Èkó. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí i padà, ó ní ti NIWA ni. Ṣẹ́ ẹ rí iye ọdún tó gbà kí wọ́n tó sọ ẹni tó máa gbowó.

Ní gbogbo àsìkò yẹn ọkọ̀ ń lọ, èrò ń wọ̀ ọ́. Èyí tó ń dùn mí ni pé tó bá di ti gbígbowó, méjèèjì á yọjú. Tó bá di kùkùté igi àti òṣíbàtà tó ń fọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, èyí á ní ìyẹn ló ni ín, ìyẹn á ní èyí ló ni ín. Ẹ wò ó dáadáa, ibi tí owó bá wà, iṣẹ́ wọn máa ń wọnú ara wọn. Ibi tí làálàá bá wà, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kò sẹ́ni tí òfin yàn án fún.

Mọrẹ́nikẹ́_Houston

Hmm, Ọmọ Ẹbúté o ti sọ ọ́. Ọmọ Ìkòròdú lèmi náà, iléèwé ni mo bá dé ìlú àwọn òyìnbó yìí, ọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba ni mo kà. Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni o. Ní Amẹ́ríkà níbí, òfin kan jáde ní 2010 pé GAO, ìyẹn àwọn ọ́díítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbọ́dọ̀ máa wá irú nǹkan báyìí jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé rí i. Àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹta 2011. Ẹ mọ ohun tí wọ́n rí nípa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àti wíwá iṣẹ́ fún èèyàn? Ètò 47, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba mẹ́sàn-án, owó bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là lọ́dún 2009, 44 nínú 47 yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tó wọnú iṣẹ́ òmíràn.

Ohun tó wù mí nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọn kì í da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan kí wọ́n ní ìfowóṣòfò ni. Wọ́n á yà á sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń dá sí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ wọn jọra, irú èèyàn kan náà ni wọ́n sì ń wá, ìyẹn yẹ kéèyàn fojú sí. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ti ìyá yẹn nìyẹn. Tí wọ́n bá wá rí i, wọ́n á dárúkọ ilé iṣẹ́ tó yẹ kó ṣàtúnṣe, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á padà lọ wò ó bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, wọ́n á tún kọ ìyẹn náà síta. Ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yẹn, ní 2014 aṣòfin ṣe òfin tuntun, wọ́n yọ ètò 15 kúrò. Wọ́n ní àtúnṣe táwọn ti ṣe látìgbà náà lórí oríṣiríṣi nǹkan ti fi owó tó lé ní bílíọ̀nù 600 dọ́là sápò ìjọba.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má bàa rò pé ọ̀run nibí: tí wọ́n bá ṣe pizza oní-wàràkàṣì sínú páálí fún títà, FDA, àjọ oúnjẹ àti oògùn wọn, ló ń mójú tó o. Tí wọ́n bá fi ẹran lé e lórí, ó ti di ti ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn nìyẹn. Ẹyin tó wà nínú èèpo ẹ̀, ti FDA, tí wọ́n bá fọ́ ọ sínú ìgò, ti ọ̀gbìn. GAO ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́, ilé iṣẹ́ ìjọba 15 ló ń dá sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn dáadáa.

Kúnlé_Ìpakodo

Pizza lẹ ń sọ 😂 ẹ wá wo ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá níbí. NAFDAC lọ́tọ̀, SON tó ń wo ojúlówó ọjà lọ́tọ̀, ti ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀, wọlé-wọlé káńsù lọ́tọ̀, omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu wò.

Ìyá_Ọlọ́jà_Sábó

Ẹ ṣé ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, mi ò kàwé tó yín o, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n dà wọ́n pọ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò tíì jókòó sí ibi tí mo jókòó sí. Ní ọjà wa, tó o bá bá ẹni tó ń kọ orúkọ jà, tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ wà ní pátì kejì, orúkọ rẹ ò ní wọ ìwé yẹn láyéláyé. Mo wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí TraderMoni, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn ọlọ́jà kéékèèké, dé ní 2018, àwọn ọmọ tó ń kọ ọ́ kò gba ọwọ́ alága, fóònù ni wọ́n gbé wá sí ìsọ̀ wa, wọ́n ní màmá kí ni nọ́ńbà yín. 10,000 ni. Ó kéré, mo mọ̀ pé ó kéré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mi ò ní kí n bẹ ẹnikẹ́ni kó tó dé ọwọ́ mi. Mo san án padà, wọ́n fún mi ní 15,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò san án torí wọ́n ní owó ìbò ni, ìyẹn ò kàn mí.

Tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló ń pín nǹkan ìjọba nígbà yẹn ni, mi ò ní rí kọ́bọ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní kí mẹ́rin di ẹyọ kan, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́ni yẹn bá sé ilẹ̀kùn mọ́ mi, ilẹ̀kùn wo ni kí n tún kàn?

Jagun_ÌtaẸlẹ́wà

Màmá ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, mo sì rí i nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ọ̀gá kan bá kórìíra ní ilé iṣẹ́ kìíní, ilé iṣẹ́ kejì ló ń sá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ilẹ̀kùn lè pọ̀, ìwé ni kò yẹ kó pọ̀. Kí ilé iṣẹ́ mẹ́rin máa pín nǹkan, mo lè gbà. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má mọ ohun tí èkejì ti fún èèyàn, ìyẹn ni mi ò lè gbà. Télọ̀ mẹ́rin lè wà ládùúgbò, ṣùgbọ́n tí oníbàárà kan bá gbé aṣọ kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan náà, tí kò sẹ́ni tó bi í, aṣọ ló máa ṣòfò.

Ìjọba àpapọ̀ ní ìwé kan bẹ́ẹ̀ o, wọ́n ń pè é ní National Social Register, àjọ kan tó ń jẹ́ NASSCO ló ń tọ́jú ẹ̀ láti 2016. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dára lójú mi: wọ́n á wá sí àdúgbò, wọ́n á pe àgbà, obìnrin àti ọ̀dọ́ jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á ní ẹ̀yin fúnra yín ẹ sọ ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún láàárín yín. Gbogbo ètò ló yẹ kó máa mú orúkọ níbẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí wọ́n fẹ́ pín nǹkan ìtura, ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé tí àwọn gómìnà wà nínú ẹ̀ jókòó ní oṣù keje, wọ́n ní àwọn ò fọkàn tán ìwé yẹn, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ kọ tirẹ̀. Bí ìwé tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan ṣe tún fẹ́ di 36 nìyẹn.

Mi ò ní bo ọ̀rọ̀ fún yín. Ẹni tó bá di ìwé orúkọ mú ló di èèyàn mú. Honorable tó bá gba orúkọ láti inú ìwé ẹlòmíì, ta ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdí tí kálukú fi fẹ́ kọ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé ó ti wà níbòmíì.

Àbẹ̀kẹ́_Aránṣọ

Haa. Bàbá, ẹ dákun ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọkún. Ìyá Ọlọ́jà, mo gbọ́ yín dáadáa, mi ò tiẹ̀ ro ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀. Ṣé àwa CDA wá lè ní ìwé tiwa tá a ó máa fi wo ẹni tó ti gbà? Àbí ìyẹn náà á di ìwé karùn-ún? Àti ti ẹ̀rọ tó ń bọ̀ láti Ábújá yẹn, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ kí wọ́n tó pe alága lóru?

Kúnlé_Ìpakodo

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí torí iṣẹ́ dẹ́tà ni mò ń ṣe.

Ti Ábújá yẹn ló rọrùn jù. Iṣẹ́ ẹkùn ìdìbò, èyí tí wọ́n ń pè ní constituency project, wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀, ìwé yẹn wà níta, ẹnikẹ́ni lè wà á jáde látorí ìkànnì ófíìsì bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ Ikorodu sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa wá a, ẹ ó rí ìlà tó ń sọ pé kí wọ́n kó ẹ̀rọ báyìí fún àwọn èèyàn ẹkùn yìí, owó rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó máa ṣe é. Ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu, nígbà míì iṣẹ́ tí òfin yàn fún un kò bá ẹ̀rọ ìránṣọ tan rárá, wọ́n kàn gbé owó sí abẹ́ ẹ̀ ni. Tracka tí àwọn BudgIT, ẹgbẹ́ aládàáni tó ń ṣọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ń ṣe máa ń tọ irú ẹ̀ lẹ́sẹ̀, ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ náà ti ń tọpinpin iṣẹ́ ẹkùn láti 2019. Nítorí náà ẹ lè mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé ó ń bọ̀, kẹ́ ẹ fi ara balẹ̀ tún NIN opó yẹn ṣe kí wọ́n tó pè yín lóru. Lójú tèmi ìyẹn ló máa yanjú tiyín ju ká máa retí kí Ábújá da àjọ pọ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tí ilé iṣẹ́ kan fún ní nǹkan, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lábẹ́ òfin FOI ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò kan àwọn, ní oṣù kẹrin 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kan gbogbo wọn. Wọ́n lè bo nọ́ńbà fóònù àti NIN àwọn èèyàn kí wọ́n tó fún yín, ìyẹn sì tọ̀nà.

Ìwé CDA: ẹ ṣe é, kò ní di ìwé karùn-ún tó bá jẹ́ pé ohun tí èèyàn ti gbà lẹ kọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbà. Orúkọ, ojúlé, iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, ohun tó gbà, oṣù tó gbà á, ibi tó ti wá. Ó tán. Ẹ má gba BVN ẹnikẹ́ni láé! Ẹ má sì ya fọ́tò ojú ìwé tí NIN wà lórí ẹ̀ sí WhatsApp àdúgbò, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, òfin ààbò dẹ́tà ti wà láti 2023, ká tiẹ̀ ní òfin ò sí, àwọn ọmọ yahoo wà nínú gúrúùpù yẹn.

Ìyá_Ọlọ́jà_Sábó

Ta ló máa tọ́jú ìwé náà?

Kúnlé_Ìpakodo

Ìyá mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè 😀 ẹ kọ ọ́ sí ìwé méjì. Ọ̀kan lọ́dọ̀ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tí kò sí nínú àwọn ìgbìmọ̀ CDA, kí wọ́n kà á sókè ní ìpàdé oṣooṣù kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn jiyàn lójú gbogbo èèyàn.

Ìyá_Ọlọ́jà_Sábó

Kí ẹnì kejì yẹn jẹ́ obìnrin, kó má sì jẹ́ ìyàwó alága. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ mo fara mọ́ ọn.

Ọmọ_Ẹbúté

Ẹ bá wa ṣe irú ẹ̀ fún rìsíìtì tí wọ́n ń já fún wa lẹ́bùúté náà. Ẹni tó já a, iye ẹ̀, ọjọ́ ẹ̀. Mo fẹ́ mọ iye tí mò ń san lápapọ̀.

Mọrẹ́nikẹ́_Houston

Àbẹ̀kẹ́, tẹ́ ẹ bá ti ń kọ ọ́, ẹ fi ìlà kan kún un: ṣé ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á àbí ó ti tà á. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi mú ẹnikẹ́ni o. Tí ilé iṣẹ́ kan bá bi yín pé kí làdúgbò yín nílò, tẹ́ ẹ sì lè fi hàn pé ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n tà ju èyí tí wọ́n ń lò lọ, wọ́n lè fi owó yẹn ṣe nǹkan míì fún yín. Ọ́díítọ̀ ibí náà, nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè nìyẹn: ètò yìí, kí ló yọrí sí? Ọ̀pọ̀ nínú ètò 47 tí mo sọ yẹn ni kò rí ìdáhùn fún un.

Àbẹ̀kẹ́_Aránṣọ

Mo ti fàlà sí ìwé 2A kan báyìí, ìlà mẹ́fà ti Kúnlé àti ọ̀kan ti Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́. Màá gbé e dé ìpàdé ọjọ́ Sátidé, alága lè má fẹ́ràn ẹ̀ ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀ fẹ́ràn mi lol. Kúnlé, ti NIN yẹn ńkọ́, ṣé kí n má kọ ọ́ rárá? Èèyàn méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà lójúlé kan ní àdúgbò wa, ìyá àti ìyàwó ọmọ.

Kúnlé_Ìpakodo

Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan, ó tó láti fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Jagun_ÌtaẸlẹ́wà

Tó o bá fàlà yẹn tán ya fọ́tò ẹ̀ síbí kó tó di pé o kọ orúkọ kankan sí i, àwa náà fẹ́ gbé e lọ CDA wa